Ahọ́n Tí Mo Gbé Lọ sí Ìsọlọ̀

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní Láfẹ́nwá, nítorí náà ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti wé gèlè, tí mo gbé àpò láfún lé orí, tí mo sì ti ilẹ̀kùn ilé mi. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa ń sọ pé Ìyá Ṣèyí kì í rìn, ẹ wá gbọ́ ìrìn tí mo rìn. N kò lọ ṣòwò, n kò sì lọ kí ọmọ tuntun. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Délé, ni mo lọ ní Ìsọlọ̀, láti bá a tọ́ ọtí wò.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọtí tó ń kan ètè mi kò ju ti oúnjẹ alẹ́ Olúwa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀rín. Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì tí ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ dojú dé lórí títì, òun sì fi ìpàkọ́ gbá ilẹ̀. Egbò jinná, orí kò fọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Nígbà tí imú sì ti lọ, adùn ẹnu tẹ̀lé e. Dókítà ní kó má retí rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ oúnjẹ. Ó ní ẹ̀bà dà bí amọ̀ lẹ́nu òun, ẹran sì dà bí aṣọ. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ọmọ ìjọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè pé bí mo bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi láyé, kí n tètè máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi tirẹ̀ kún un. Ó ní kí n wá bá òun tọ́ wáìnì àwọn Faransé tí òun ti ń tọ́jú láti ogún ọdún wò, kí n sì sọ òtítọ́ fún òun. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá asán ni òun ti ń tọ́jú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Nítorí ẹnu mi ni. Èmi ni mo sọ fún ìyàwó pásítọ̀ lójú ìjọ pé ìrẹsì ìkórè kò jinná. Wọ́n bá mi wí gan-an. Ìrẹsì náà kò sì jinná.

Ọgọ́ta kọ́bọ̀ ni mo san fún kíláàsì kẹta, níbi tí bẹ́ǹṣì ti jẹ́ pákó lásán. Ní Wásinmi, àwọn olóbì wọlé pẹ̀lú agbọ̀n wọn, wọ́n sì fi ewé tútù bo obì náà bí ẹni bo ọmọ ìkókó. Ní Ìfọ̀ mo ra ẹ̀kọ méjì àti àkàrà láti ojú fèrèsé. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún ohun tí n bá jẹ ní kọ́bọ̀ márùn-ún ní Láfẹ́nwá, àkàrà náà kò sì ju ìka àtàǹpàkò lọ. Mo sọ fún obìnrin náà. Ó ní, "Ìyá, owó epo ti dé, gbogbo nǹkan ló ti gbéra." Owó epo rọ̀bì tó dé náà, n kò tíì pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti kọjá Agége ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ipasẹ̀ rẹ̀: ilé tuntun lórí ilé tuntun, òpó sìmẹ́ńtì tí irin yọ lórí wọn, àti yanrìn tí wọ́n kó jọ sẹ́bàá irin títí dé Ìkejà.

Òṣòdì ni mo ti sọ̀ kalẹ̀. Ọjà ibẹ̀ kò mọ ààlà láàárín ìsọ̀ àti ojú irin. Wàrà alágolo, fáànù, rédíò àti léèsì tó ti òkè òkun wá ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, àwọn tó pàtẹ á rọra gbé igbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ó bá sì ti kọjá, wọ́n á dá a padà láìsọ nǹkan. Ní tiwa, ẹni tó bá pàtẹ sójú irin, àwọn ìyálọ́jà á ti kó o kúrò kó tó di pé ọkọ̀ dé. Níbẹ̀ kò sí ẹni tó wo ẹnì kejì rẹ̀ lójú.

Mo dá takisí kan dúró. Ọmọ Ìkirun ni awakọ̀ náà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, níbo?"

"Ìsọlọ̀. Kọjá Àswàní díẹ̀, lọ́nà Òkòtà."

"Náírà kan àbọ̀."

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí n bá ọ ra ọkọ̀ náà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, go-slow wà níwájú o. Ẹ mú náírà kan wá. I no fit go below that."

"Ọgọ́rin kọ́bọ̀. N ó sì jókòó jẹ́ẹ́."

"Ẹ wọlé, Ìyá. Ẹ lè sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà."

Ó bi mí ohun tí mo wá ṣe l'Ékòó. Mo ní mo wá tọ́ ọtí wò. Ó yí ojú padà wo aṣọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tí mo wọ̀, ó wo àpò láfún tó wà lórí itan mi, ó sì gbájú mọ́ ìwakọ̀ títí tí a fi kọjá ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tú jáde. Títì ọ̀dà parí, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Ní apá Òkòtà, àbàtà ni mo rí, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ ilé nínú rẹ̀, tí omi yí i ká. Mo bi í pé àwọn wo ló ń kọ́lé sínú omi. Ó ní, "Àwọn tó lówó ni, Ìyá. Omi á lọ."

Ilé ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ilé ńlá: ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ oníyàrá mẹ́rin, tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Délé kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Eyínmẹ́nugún," ni ó wí. Orúkọ tí ó fún mi nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n kò rí i rẹ́. Mo wọlé, mo sì rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé àpò kòkó lọ́jọ́sí jókòó sínú àga, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ.

"Àbẹ̀kẹ́, o ti dé."

"Mo ti dé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti rù."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni yóò sọ ọ́," ni ó wí. "Gbogbo àwọn yòókù ní ara mi ń le sí i."

Ní ti wáìnì náà, báyìí ni ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìtajà kòkó kan l'Ábẹ́òkúta, òyìnbó Faransé kan ni ọ̀gá rẹ̀. Mùsíọ̀ ni a máa ń pè é, bí àwọn Faransé ti ń wí bí a bá fẹ́ sọ pé Ọ̀gbẹ́ni. Ìlú tí wọ́n ti bí i ni Bọ̀dó, níbi tí kò sí ohun tí wọ́n ń gbìn tó àjàrà. Oko àjàrà tó bá ní ilé ńlá láàárín rẹ̀, ṣàtó ni wọ́n ń pè é, olúkúlùkù ṣàtó ló sì ń ya àwòrán ilé rẹ̀ sára ìgò. Nígbà tí Mùsíọ̀ ń padà sílé, ó fún ẹ̀gbọ́n mi ní àpótí kan tí ìgò méjìlá wà nínú rẹ̀, ó ní kó má ṣe ṣí i títí ogún ọdún. Ẹ gbọ́ nǹkan. Àwa tí ẹmu ń dùn fún ní òwúrọ̀, tó ń kan ní ìrọ̀lẹ́, tí a ń dà á nù ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́. Ó gbé àpótí náà láti Abẹ́òkúta dé Múṣin, láti Múṣin dé Ìsọlọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ló bẹ̀ ẹ́ kó ṣí ọ̀kan, kò ṣí i. Ogún ọdún sì pé nígbà tí imú rẹ̀ ti lọ.

Ìgò mẹ́fà nínú wọn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, wọ́n dúró ní òòró, wọ́n kọjú sí fèrèsé bí akọrin tó fẹ́ kọrin. Àlejò tó bá wọlé, àwọn ni yóò kọ́kọ́ rí. Oòrùn ọ̀sán náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí wọn.

A kò tíì ṣí èyíkéyìí tí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan, Bàbá Ayọ̀, fi wọlé. Ẹni tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù ni, owó epo sì ti pàdé òun ní tirẹ̀: ọkọ̀ rẹ̀ dí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ ṣí ilé tuntun ní Sátidé, ó sì ti ń bẹ ẹ̀gbọ́n mi fún ìgò wọ̀nyí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣèlérí pé bí wọn kò bá wúlò fún òun mọ́, kó wá kó wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi bí Mùsíọ̀ ti ń ṣe é. Wọ́n ń tan àbẹ́là sẹ́yìn ọrùn ìgò, wọ́n sì ń rọra dà á, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà tẹ̀lé e. Wọ́n ń yí ife lọ́wọ́, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó mu, wọ́n sì ń jẹ́ kó dúró lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń tọ́ púpọ̀ wò, wọ́n ń tu ú dà. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Ní tiwa, ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ mu, kí á lè mọ̀ pé kò fi nǹkan sí i. Níbí, àlejò ni yóò kọ́kọ́ mu, nítorí onílé kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kọ́ọ̀kì ìgò àkọ́kọ́ rún bí ìyẹ̀fun. Mo dà á, mo gbóòórùn, mo mu díẹ̀. Etí mi méjèèjì gbóná.

Bàbá Ayọ̀ ti gba tirẹ̀. Ó pa ojú dé. "Èyí gan-an ni wọ́n ń pè ní wáìnì. Old wine. Ó rinlẹ̀, ó ní láárí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò wò ó. Èmi ni ó ń wò. "Àbẹ̀kẹ́?"

"Ó ti kan, ẹ̀gbọ́n. Omíkan tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ìkòkò ògì ló jọ."

"Ìyá, ẹ má bínú o," ni Bàbá Ayọ̀ wí, "ẹ̀yin ò mọ wáìnì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"N kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ bá wa mu ti inú ife yín tán."

Ó gbé e dé ẹnu, ó gbé e kalẹ̀, ó sì rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun ní Àpápá.

Mo ṣí ìkejì. Ó kan. Mo ṣí ìkẹta. Ó kan, ó tún ní òórùn páálí tó rẹ sínú òjò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti bá a, ó sì ń dùn mí bí mo ti ń sọ ọ́, nítorí pé bí mo ti ń sọ ọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wọnú àga lọ. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ìkẹrin, ó ní, "Ó tó. Fi sílẹ̀. Kí Bàbá Ayọ̀ wá kó wọn."

Ìyá Délé pè mí sí ilé ìdáná. Ó ti fi láfún mi ro oúnjẹ, ó sì se ọbẹ̀ ẹja tútù, ó bò ó sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Eyínmẹ́nugún, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣí ẹ̀kẹrin, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ó dáa. Wọn ò ní mọ̀. Bí inú wọn bá dùn, wọ́n á jẹun."

"Dìde, ìyàwó wa. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Torí Ọlọ́run."

"Bí mo bá purọ́ fún un lónìí, tó bá wá bi mí lọ́la bóyá ọbẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí bóyá ilé ń jóná, ta ni yóò gbà gbọ́? Imú rẹ̀ ti lọ. Ẹnu wa ló kù fún un. Má jẹ́ ká ba ìyẹn náà jẹ́."

Ó sunkún. Inú bí mi, kì í ṣe sí i, sí ọ̀rọ̀ náà lápapọ̀. N kò wọ ọkọ̀ ojú irin láti wá wo ẹ̀gbọ́n mi kó kú sínú àga. Mo ní, "Ìgò mélòó ni Mùsíọ̀ fún un?"

"Méjìlá ni."

"Mẹ́fà ló wà ní pálọ̀. Àwọn yòókù ńkọ́?"

Ó nu ojú rẹ̀. "Àwọn yẹn ò ṣeé gbé síwájú ọmọ ọkọ. Bébà ara wọn ti jẹrà."

Mo ní kó mú mi lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni ó mú mi dé, ibi tó ṣókùnkùn tí àmù omi mímu rẹ̀ gúnlẹ̀ sí, nítorí pé fíríìjì wà ní pálọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná kì í fi bẹ́ẹ̀ wà. Yanrìn tútù yí ìdí àmù ká, bó ti ń rí nílé wa. Ó fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ìgò náà ń bẹ níbẹ̀, ó tẹ́ wọn ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ilẹ̀ ti dì mọ́ wọn lára.

"Kọ́bọ́ọ̀dù ò gbà wọ́n," ni ó wí bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Níbí, àwọn ọmọ ò lè fẹsẹ̀ gbá wọn. Mo rò pé bí màmá mi ṣe ń tẹ́ obì sí ibi tútù ni kí n ṣe tẹ́ wọn."

Mo kó méjì, mo gbé wọn wọ pálọ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí ara wọn. Ojú ti Ìyá Délé, ó ń fi ìṣẹ́tí ìró nù wọ́n bí mo ti ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti sọ pé ó tó. Mo ní mo gbọ́. Mo jókòó, mo sì ki irin bọ kọ́ọ̀kì. Ìgò àkọ́kọ́ ti jò, àbọ̀ rẹ̀ ló kù, kò sì ṣeé mu. Kọ́ọ̀kì ìkejì jáde ní odidi, ó gùn, ó tutù, ìdí rẹ̀ dúdú. Mo tan àbẹ́là náà padà. Ohun tó ṣàn sínú ife pọ́n láàárín, etí rẹ̀ sì rí bí ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò.

Mo gbóòórùn rẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù sì bà mí. Mo yí ife náà, mo dúró, mo tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mu ún. Èyí ni n kò tu dà.

"Àbẹ̀kẹ́?"

"Ẹ dúró ná."

"Má sọ pé ó dáa. Sọ ohun tó wà níbẹ̀."

Mo pa ojú dé. "Kò dùn bíi mínírà. Kò kan. Ó ń fa ahọ́n díẹ̀, bí èèpo agbálùmọ̀, ó wá ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òórùn igbó lẹ́yìn òjò, níbi tí olú ti ń hù lára igi tó wó." Mo tún mu díẹ̀. "Igi wà nínú rẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn ṣí àpótí tí wọ́n kó aṣọ òkè sí. Àti ewé tábà. Kì í ṣe tábà tí wọ́n ń fà, èyí tí wọ́n so mọ́ àjà, tí kò tíì gbẹ tán."

Mo la ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, yàrá kòkó Bàbá wa ni."

N kò mọ̀ pé ohun tí n ó sọ nìyẹn títí tí mo fi sọ ọ́. Ó na ọwọ́, mo gbé ife fún un. Ó mu ún, ó jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu, ó gbé e mì. Ìyá Délé di ìró rẹ̀ mú.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni ó wí. Ó sì tún mu. "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Bàbá máa ń so tábà yẹn mọ́, kì í ṣe àjà. O kéré nígbà náà."

"Àjà ni."

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mo máa ń gun fèrèsé náà lọ so ó." Ó ti jókòó gbọnrangandan. "Tún un sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi agbálùmọ̀."

Mo tún un sọ. Nígbà tí mo parí, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Gbé láfún yẹn wá. Kí Àbẹ̀kẹ́ tọ́ ọ wò, kó sọ ọ́ fún mi."

Mo bu òkèlè kan, mo kì í bọ ọbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ẹnu mi. "Ẹja tútù tòótọ́ ni. Ata ń bọ̀ lẹ́yìn, kò tètè dé. Iyọ̀ kò tó."

Ìyá Délé bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún lọ́wọ́ kan náà, ó sáré lọ mú iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹun. Ó jẹ díẹ̀, ó bèèrè, mo sọ, ó tún jẹ. Mo ṣe bí ẹni tí ata ta lójú, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo ń sun, n kò sì ní purọ́ fún yín.

Mo sọ fún Bàbá Ayọ̀ nígbà tó wá pé ìgò mẹ́ta tó kù ní pálọ̀ lè ti kan bí àwọn tó ṣáájú. Ó ní kò léwu, òun kò ní ṣí wọn, orí tábìlì ni òun fẹ́ tò wọ́n sí. Ó kó wọn lọ tayọ̀tayọ̀. Àwọn ti ìdí àmù, a tẹ́ wọn padà sínú yanrìn tútù, níbi tí oòrùn kò lè dé.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ padà, mo ti gbé àpò mi dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Délé nínú ilé. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti ẹ ṣeun. Ògì ló gbé fún un.

"Ó kan díẹ̀," ni ó ń wí, "kíkan tó mọ́. Ó ń yọ̀. Ṣúgà ti lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ rò ó. Ó ní òórùn ewé tí mo fi bò ó."

"Ewé wo?"

"Ewé ẹ̀kọ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Máa sọ ọ́ lọ."

N kò wọlé dágbére mọ́. Mo ní kí Délé, ọmọ wọn, bá mi kí wọn, mo sì lọ wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ń ro bí wọ́n ti tọ́ gbogbo wa. Ìyá wa kì í gbà kí ọmọ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A jẹun papọ̀ ní gbogbo ìgbà èwe wa láìsọ fún ara wa ohun tí a ń jẹ, èmi àti ọkọ mi sì tún jẹ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà nínú ilé yín tó ń jẹun lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ fún un bí oúnjẹ náà ti rí nígbà tí ó ṣì ń gbọ́.

Mo dé Láfẹ́nwá ní ìrọ̀lẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ro láfún díẹ̀, mo gbé e ka iwájú, mo bu òkèlè àkọ́kọ́. Àga ọkọ mi wà níbi tó máa ń wà. Mo sọ ọ́ sókè pé ó gbóná, pé ilá lásán ni ọbẹ̀ rẹ̀, pé iyọ̀ rẹ̀ tó. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo sọ ọ́ títí mo fi jẹun tán.